Albáníà, Ilẹ̀ Òkè, Ilẹ̀ Ẹyẹ Idì

Ẹni tí ó bá dúró ní etíkun Otranto, ní ìsàlẹ̀ pátápátá ilẹ̀ Ítálì, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ojú sánmà mọ́ kedere, tí ó sì kọjú sí ìlà-oòrùn, yóò rí àwọn òkè kan tí wọ́n yọrí lódìkejì òkun, níbi tí kò jìnnà ju nǹkan bí kìlómítà 72 lọ. Òkè Albáníà ni wọ́n. Ọ̀nà omi tóóró yìí ni àwọn ará Róòmù gbà nígbà tí wọ́n ń lọ jẹ gàba lórí ìlà-oòrùn ayé. Òun ni àwọn ọmọ-ogun Mussolini gbà ní 1939. Òun náà sì ni àwọn ọmọ Albáníà fúnra wọn ń gbà, láti ìran dé ìran, nígbà tí ilé kò bá gbà wọ́n mọ́. Nítorí èyí, ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ìtàn ilẹ̀ yìí kò gbọdọ̀ sọ ti àwọn tó jókòó sílé nìkan, nítorí pé ìdajì rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó jáde lọ.

Ilẹ̀ náà kéré, ó sì rí gbágungbàgun. Gbogbo rẹ̀ kò ju kìlómítà 28,748 níbùú-lóròó lọ, bẹ́ẹ̀ bí a bá sì pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, ó ju méjì lọ tí ó jẹ́ òkè. Mọntẹnẹ́grò àti Kósófò ló bá a pààlà níhà àríwá, Masẹdóníà Àríwá wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, Gíríìsì wà ní gúúsù, Òkun Adriatic àti Ionian sì wẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ níhà ìwọ̀-oòrùn. Korab ni òkè tó ga jù, mítà 2,764 ni gíga rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òkè tí orúkọ wọn ń ba àlejò lẹ́rù ni àwọn ti àríwá, tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Òkè Ègún, òkè a-sé-ọ̀nà-mọ́-ọ̀tá, òkè a-fi-yìnyín-dé-fìlà, níbi tí abúlé kan lè wà fún oṣù mélòó kan nígbà òtútù láìfojú kan ará abúlé kejì. Odò Drin ń ṣàn ní àríwá yìí. Vjosa ń ṣàn ní gúúsù láìsí ẹni tí ó sé e, tí ìjọba fi sọ ọ́ di ọgbà ìpamọ́ orílẹ̀-èdè ní 2023. Shkumbin sì wà láàárín méjèèjì, òun ni ààlà tí kò sí nínú ìwé òfin kankan, nítorí pé àwọn Gheg ló ń gbé ní àríwá rẹ̀, àwọn Tosk ní gúúsù, ohùn wọn kò sì dọ́gba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń gbọ́ ara wọn yékéyéké. Èdè wọn yìí kò ní ọmọ ìyá mọ́ láyé. Ó bá àwọn èdè ilẹ̀ Yúróòpù tan látọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n òun nìkan ló dá ẹ̀ka tirẹ̀ ní.

Láyé àtijọ́, àwọn ẹ̀yà tí à ń pè ní Illyria ló tẹ̀dó síbẹ̀, àwọn Albáníà sì gbà pé àwọn ni ọmọ ọmọ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀. Ní 168 ṣáájú ìbí Kristi ni Róòmù ṣẹ́gun Gentius, ọba wọn tó fi Shkodër ṣe ibùjókòó, tí wọ́n sì la ọ̀nà ńlá kan, Via Egnatia, láti Durrës ní etíkun títí lọ dé ìhà Constantinople. Ìlú Apollonia, tí òpó ilé rẹ̀ díẹ̀ ṣì dúró di òní, ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Octavian ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní 44 ṣáájú ìbí Kristi, nígbà tí ìròyìn dé pé wọ́n ti gún Julius Caesar pa ní Róòmù. Láti ibẹ̀ ló ti wọkọ̀ lọ gba ogún tí ó fi di Augustus, olú-ọba àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo ọmọ Albáníà ń fi orúkọ rẹ̀ búra, tí wọ́n ń fi ère rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ gbàgede, ni Gjergj Kastrioti, tí àwọn Tọ́kì sọ ní Iskender, tí ayé sì wá mọ̀ sí Skanderbeg. Baba rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè àríwá, ni ó fi í ṣe ìdógò lọ́dọ̀ Súlútáànì, àwọn yẹn sì tọ́ ọ ní ààfin, wọ́n kọ́ ọ ní idà àti ẹṣin, wọ́n sọ ọ́ di Mùsùlùmí, wọ́n sì fi í jẹ olórí ogun. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ní Oṣù Kọkànlá 1443, nígbà tí ogun Tọ́kì àti ti Họ́ńgárì pàdé ní Niš, Skanderbeg yí ẹṣin rẹ̀ padà, òun àti nǹkan bí 300 ọmọ Albáníà, ó di ìlú Krujë tí í ṣe ilé baba rẹ̀. Ìtàn sọ pé ó ti fi tipátipá mú akọ̀wé Súlútáànì kọ lẹ́tà kan pé kí alákòóso ilé olódi Krujë fà á lé e lọ́wọ́. Bí wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó ta àsíá pupa tó ní ẹyẹ idì dúdú olórí méjì, àsíá yẹn kan náà ló sì ń fẹ́ lórí ilé ìjọba ní Tirana lónìí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó pe àwọn ìjòyè jọ sí Lezhë, àwọn tí wọ́n ti ń bá ara wọn jà tipẹ́, wọ́n sì fi í ṣe balógun gbogbo wọn.

Ọdún 25 ló fi dí ọ̀nà mọ́ ilẹ̀ ọba tó lágbára jù láyé ìgbà náà. Súlútáànì Murad Kejì fúnra rẹ̀ wá dó ti Krujë ní 1450, ó fi ìbọn ńlá gbá ògiri rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ó sì ká àgọ́ rẹ̀ lọ nígbà tí òtútù dé. Mehmed ọmọ rẹ̀, ẹni tí ó gba Constantinople ní 1453, wá ní 1466, ó tún wá ní 1467. Òun náà kò rí Krujë wọ̀. Ọgbọ́n Skanderbeg kò ta kókó: kì í sábà dúró fún ogun ní pápá, orí òkè ló ń wà, ní ọ̀gànjọ́ òru ni í já lu àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún ọ̀tá. Ibà ló pa á ní Lezhë ní January 1468. Idà kò rí i pa. Akoto rẹ̀, tí wọ́n fi orí ewúrẹ́ oníwo ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ sí lókè, ṣì wà ní ilé ìṣúra ohun àtijọ́ ní Vienna, níbi tí àwọn ọmọ Albáníà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi ti máa ń lọ wò ó. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Krujë bọ́ sọ́wọ́ Tọ́kì, ìgbà náà sì ni ọ̀wọ́ ńlá àkọ́kọ́ wọkọ̀ kọjá sí Ítálì. Àwọn ọmọ ọmọ wọn, tí à ń pè ní Arbëreshë, ṣì ń gbé ní Calabria àti Sicily, wọ́n sì ṣì ń sọ èdè tí àwọn baba ńlá wọn gbé kọjá òkun ní ohun tó lé ní 500 ọdún sẹ́yìn.

Ìjọba Tọ́kì pẹ́ níbẹ̀ títí di 1912. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn di Mùsùlùmí, àwọn ará àríwá kan di ìjọ Àgùdà mú, àwọn kan ní gúúsù sì wà nínú ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì. Inú agbo ilé kan náà ni a ti máa ń rí ẹ̀sìn méjì. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni bí àwọn tí a ṣẹ́gun ti di igi lẹ́yìn ọgbà àwọn tó ṣẹ́gun wọn: ìdílé Köprülü, tí ìran wọn jáde láti Albáníà, fi Vizier àgbà lélẹ̀ léraléra ní Constantinople, Muhammad Ali tí wọ́n bí ní Kavala nínú ìdílé Albáníà sì di olórí Íjíbítì ní 1805, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jọba níbẹ̀ títí tí wọ́n fi lé Farouk kúrò lórí oyè ní 1952. Àwọn tó tún Íjíbítì ṣe báyìí kò lè fi èdè abínibí wọn kọ́ ọmọ nílé ìwé ní ilé ara wọn. Ìgbà tí ó di 1887 ni ilé ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà láàyè láti fi èdè Albáníà kọ́ni ṣí ní Korçë, ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé wọn ní Manastir ní 1908 ló sì fìdí álífábẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lò lónìí múlẹ̀.

Ní orí òkè àríwá, ọwọ́ Súlútáànì kò fi bẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Òfin tí wọ́n ń pè ní Kanun ti Lekë Dukagjini ló ń ṣe ìdájọ́, òfin àtẹnudẹ́nu tí àlùfáà Shtjefën Gjeçovi fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1933 lẹ́yìn tí wọ́n ti pa òun alára. Òpómúléró òfin yìí ni besa, ìyẹn ìlérí tí ẹnì kan kò gbọdọ̀ dà. Àlejò tí ó bá kan ilẹ̀kùn ti wọ inú besa onílé. Wọn a bọ́ ọ, wọn a sìn ín dé ojú ọ̀nà, bí ẹnikẹ́ni bá sì pa á kí ó tó kúrò lábẹ́ ààbò onílé, onílé ni yóò gbẹ̀san rẹ̀ bí ẹni gbẹ̀san ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ibi tí òfin yìí ti dára náà ló ti burú. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná: ẹni tí wọ́n bá pa ènìyàn rẹ̀ jẹ gbèsè ẹ̀jẹ̀, ẹni tó bá san án ti di ajigbèsè fún ìdílé kejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ láti orí baba dé orí ọmọ. Àwọn ọkùnrin tí gbèsè yìí wà lọ́rùn wọn a máa sé ara wọn mọ́ inú ilé òkúta gíga tí fèrèsé rẹ̀ kò ju ihò ìbọn lọ, obìnrin ni yóò máa ròkò, nítorí pé Kanun kò gbà kí wọ́n ta obìnrin níbọn. Níbi tí ọkùnrin bá sì ti tán nínú ilé, ọmọbìnrin kan lè búra níwájú àwọn àgbà pé òun kò ní lọ́kọ láéláé. Láti ọjọ́ náà, ṣòkòtò ni yóò máa wọ̀, yóò máa fa tábà láàárín ọkùnrin, yóò gbé ìbọn, yóò sì jogún ilé. Díẹ̀ nínú irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ṣì wà láàyè di àkókò tiwa yìí.

Nígbà ogun àgbáyé kejì, besa yìí bọ́ sí ojúṣe rẹ̀. Àwọn ọmọ-ogun Jámánì gba ilẹ̀ náà ní 1943, wọ́n bèèrè orúkọ àwọn Júù, wọn kò rí i gbà. Àwọn onílé, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí, wọ aṣọ àgbẹ̀ fún àwọn àlejò wọn, wọ́n sì kó wọn lọ sí orí òkè. Nígbà tí ogun parí, iye Júù tó wà ní Albáníà ju iye tó wà níbẹ̀ nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ lọ. Ìlú mìíràn tí ó lè sọ bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù kò pọ̀.

Mo ti sáré kọjá òmìnira. Ismail Qemali ló kéde rẹ̀ ní Vlorë ní ọjọ́ 28 Oṣù Kọkànlá 1912. Àwọn ìjọba ńlá jókòó ní Lọ́ńdọ́nù, wọ́n fa ààlà tó fi Kósófò àti ọ̀pọ̀ ọmọ Albáníà sílẹ̀ sóde, wọ́n sì fi ọmọ ọba Jámánì kan, Wilhelm ti Wied, jọba lé wọn lórí ní 1914, ẹni tí kò lò ju oṣù mẹ́fà lọ kí ó tó sá. Tirana di olú-ìlú ní 1920. Ahmet Zogu, ọmọ ìjòyè kan láti Mati, di ààrẹ ní 1925, ó sì sọ ara rẹ̀ di ọba ní 1928. Owó Ítálì ló fi ń ṣèjọba. Ilé ìfowópamọ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀ pàápàá, Róòmù ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà, ẹni tó bá sì gbé àpótí owó rẹ̀ sí yàrá aládùúgbò kò gbọdọ̀ bínú bí aládùúgbò bá wá gba ilé. Ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹrin 1939, Mussolini wá gba ilé. Zog kó ayaba àti ọmọ ọjọ́ méjì, ó gba ọ̀nà Gíríìsì lọ, kò sì padà wálé láàyè.

Enver Hoxha, ọmọ Gjirokastër tí ó lọ kàwé ní Faransé, ló kó àwọn ọmọ-ogun inú igbó wọ Tirana ní 1944, ó sì jókòó lórí ìjọba títí ikú fi mú un lọ ní 1985. Ẹ jẹ́ kí a fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: ó bá ilẹ̀ kan tí púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ kò mọ̀wé, ó kọ́ ilé ìwé kárí, ó fa omi àbàtà Myzeqe tí ẹ̀fọn ti ń pa ènìyàn gbẹ, ó sọ ọ́ di oko àlìkámà, ó mú iná mànàmáná dé abúlé. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà lọ́wọ́ wọn ju ohun tó fún wọn lọ. Ó bá Yugosláfíà jà ní 1948, ó bá Rọ́ṣíà jà ní 1961, ó bá Ṣáínà jà ní 1978, títí tí kò fi ku ọ̀rẹ́ kan fún un láyé. Ní 1967 ó ti ilé ìsìn tó lé ní 2,000 pa, mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì lápapọ̀, ó sọ àwọn kan di ilé ìkẹ́rùsí, àwọn kan di pápá eré, òfin ilẹ̀ náà sì sọ ọ́ gbangba pé kò sí ẹ̀sìn mọ́. Kí òfin yìí tilẹ̀ tó dé ni wọ́n ti mú àlùfáà Àgùdà kan, Ernest Simoni, bí ó ti ń parí ìsìn alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ní 1963. Wọ́n dájọ́ ikú fún un, wọ́n yí i padà sí iṣẹ́ àṣekára, ó wa kùsà, ó kó ìdọ̀tí inú kòtò. Ó yè é, Póòpù sì fi í joyè Kádínà ní 2016.

Ìbẹ̀rù Hoxha ni ẹnikẹ́ni lè rí lónìí pẹ̀lú ojú lásán. Ó ní gbogbo ayé ń bọ̀ wá gbógun ti òun, nítorí náà ó fi kọnkéré kọ́ ilé ìbọn kéékèèké tí ó ju 150,000 lọ, sí etíkun, sí inú oko, sí itẹ́ òkú, sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé, olórí róbótó tí wọ́n hù káàkiri bí olú lẹ́yìn òjò, ọmọ-ogun kan tàbí méjì ló sì lè ká sínú rẹ̀. Ogun tí wọ́n ń dúró dè kò dé. Simẹ́ńtì àti irin tí ìbá kọ́lé fún ìdílé tí wọ́n há mọ́ yàrá kan parẹ́ sínú ilẹ̀. Lónìí, àwọn darandaran ń so ewúrẹ́ mọ́ inú rẹ̀, àwọn kan ti sọ ọ́ di ilé ọtí, ìjọba sì ti sọ èyí tó tóbi jù ní Tirana, tí wọ́n gbẹ́ fún àwọn olóyè, di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà, tí òfin kò gbà kí wọ́n ní ọkọ̀ ti ara wọn tàbí kí wọ́n jáde nílẹ̀ náà, a máa fi agolo ọtí ṣe áńtẹ́nà sí orí òrùlé lóru, kí wọ́n lè yọ́ wo tẹlifíṣọ̀n Ítálì. Bẹ́ẹ̀ ni odidi ìran kan ṣe kọ́ èdè Ítálì láìsí olùkọ́.

Nígbà tí ìjọba tí Hoxha fi sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wó, tí ilẹ̀kùn sì ṣí, wọ́n ya jáde. Ní Oṣù Kẹjọ 1991, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Vlora gúnlẹ̀ sí Durrës pẹ̀lú ẹrù ṣúgà tí ó kó bọ̀ láti Kúbà, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì gbádùn. Kí wọ́n tó já ẹrù náà tán, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gun okùn, wọ́n ti dì mọ́ òpó, wọ́n jókòó sórí ẹ̀rọ ìgbẹ́rù, wọ́n sì pàṣẹ fún ọ̀gá ọkọ̀ pé Ítálì ni kí ó darí sí. Nǹkan bí 20,000 ènìyàn ló wà lórí ọkọ̀ kan ṣoṣo nígbà tí ó wọ Bari, nínú oòrùn gangan, láìsí omi mímu. Ṣúgà ni àwọn mìíràn ń lá. Ìjọba Ítálì kó wọn sí pápá ìṣeré, wọ́n ń ju oúnjẹ sí wọn láti inú hẹlikópítà, láàárín ọjọ́ mélòó kan wọ́n sì ti dá èyí tó pọ̀ jù padà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n dá padà tún lọ.

Àwọn tó kù sílé bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan dìde tí wọ́n ń ṣèlérí èlé tó pọ̀ ju bí ọgbọ́n ti lè gbà lọ fún ẹni tó bá kó owó wá, owó ẹni tó dé lẹ́yìn ni wọ́n sì fi ń san ti ẹni tó dé ṣáájú. Àwọn ènìyàn ta ilé, wọ́n ta màlúù, wọ́n kó owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Gíríìsì lé e. Kò yẹ kí á dẹ́bi fún wọn jù: àwọn tí wọn kò rí ilé ìfowópamọ́ gidi rí, tí ìjọba tuntun kò sì kìlọ̀ fún ní kùtùkùtù, níbo ni wọn ì bá ti mọ̀? Ní January 1997 ni gbogbo rẹ̀ wó, nǹkan bí bílíọ̀nù dọ́là kan ó lé díẹ̀ sì bá a lọ. Inú bí aráàlú, wọ́n fọ́ ilé ìkóhun-ìjà, ìbọn di ohun tí ọmọdé ń gbé kiri, nǹkan bí 2,000 ènìyàn ló sì kú kí àwọn ọmọ-ogun ilẹ̀ òkèèrè tí Ítálì ṣíwájú wọn tó wá pẹ̀tù sí i. Ọdún méjì péré lẹ́yìn èyí, nígbà tí ogun lé àwọn ará Kósófò kúrò nílé, ilẹ̀ tálákà yìí gba tó 450,000 nínú wọn mọ́ra, púpọ̀ nínú wọn ló sì sùn sínú yàrá àwọn onílé lásán.

Láti ìgbà náà, nǹkan ti ń gún. Albáníà wọ ẹgbẹ́ NATO ní 2009, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò láti wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2022. Edi Rama, ayàwòrán tí ó fi ọ̀dà aláràbarà kun àwọn ilé ràkọ̀ràkọ̀ Tirana nígbà tó jẹ́ olórí ìlú náà, ló ti ń ṣe olórí ìjọba láti 2013. Bí a bá ní kí á wo ohun tí Ọlọ́run fi jíǹkí ilẹ̀ náà, ó tó nǹkan. Wọ́n ń wa kúróòmù ní Bulqizë. Epo rọ̀bì wà ní Patos-Marinza, tí wọ́n rí ní 1928. Ọ̀dà dúdú Selenica sì ti wà lójú ọjà láti ayé àwọn ará Róòmù. Odò Drin, tí wọ́n sé ní Fierza, ní Koman àti ní Vau i Dejës, ló ń fún wọn ní èyí tó pọ̀ jù nínú iná mànàmáná wọn, nítorí náà bí òjò bá fà sẹ́yìn, wọn a ra iná lọ́wọ́ aládùúgbò. Àgbẹ̀ ṣì pọ̀: ólífì àti ọsàn ní etíkun, àjàrà, àgùntàn lórí òkè, àti àwọn ewé olóòórùn bíi sage, tí àwọn obìnrin Malësi ní òkè àríwá ń já, tí wọ́n ń sá, tí wọ́n ń dì sínú àpò, tí ó sì ń dé ilé ìdáná àwọn ará Amẹ́ríkà láìjẹ́ pé wọ́n mọ ibi tí ó ti wá. Àwọn ilé iṣẹ́ Ítálì ń fi awọ àti aṣọ ránṣẹ́ kí wọ́n bá wọn rán an ní bàtà àti ẹ̀wù, owó ọ̀yà kékeré ni ó sì ń kù sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ àwọn tó fi agolo wo tẹlifíṣọ̀n ń jókòó ní Tirana dáhùn fóònù àwọn oníbàárà ní Milan.

Òwò tó ń mówó wọlé jù báyìí ni ti àlejò. Wọ́n ń wá wo Butrint àtijọ́, Berat olófèrèsé púpọ̀, àti Gjirokastër ìlú òkúta, tí Ismail Kadare, òǹkọ̀wé wọn tó kú ní 2024, ti jáde wá. Wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ ní Sarandë, wọ́n sì ń gun Òkè Ègún fún ìgbádùn. Onílé tí besa kọ́ láti bọ́ àlejò lọ́fẹ̀ẹ́ ti ń kọ iye owó yàrá sára ògiri, n kò sì bá a wí, nítorí pé òun náà fẹ́ jẹun.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà kò tíì yé lọ. Láti 1990, ó ju mílíọ̀nù kan lọ tí ó ti kó lọ sí Gíríìsì, Ítálì, Jámánì àti Amẹ́ríkà, àwọn tó ń lọ nísinsìnyí sì ni dókítà, nọ́ọ̀sì àti ẹ̀ńjínníà. Nígbà ìkànìyàn 1989, àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta; ìkànìyàn 2023 bá 2,402,113. Lọ́dún 2023 yẹn kan náà, àlejò tó wọlé lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá.